Oríta Irin: Ohun Tó Ń Gbé Ojú Irin Ìlú Kékeré Ró

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní àgbègbè Lancaster tí àwọn àgbẹ̀ Amish ti ń fi ẹṣin túlẹ̀ títí dòní, ojú irin kan wà tí gígùn rẹ̀ kò ju máìlì 4.5 lọ. Ìlú kékeré tó ń jẹ́ Strasburg ló ti bẹ̀rẹ̀, Leaman Place ló sì parí sí. Gómìnà George Wolf fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1832, ìwé àṣẹ yẹn náà ló sì fi ń ṣiṣẹ́ di bí a ti ń wí yìí. Láti ìgbà náà, àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po ti dìde, wọ́n ti lówó, wọ́n sì ti kógbá sílé. Pennsylvania Railroad, tó jẹ́ alágbára láàárín wọn, dara pọ̀ mọ́ alábàádíje rẹ̀ ní 1968, ọdún méjì péré ni àpapọ̀ náà sì lò kó tó wọko gbèsè. Strasburg ṣì wà níbẹ̀. Kí ló dé tí irú ojú irin bíńtín bẹ́ẹ̀ fi ń yè, nígbà tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti di ipa ẹsẹ̀ nínú igbó? Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin a máa sọ pé ìfẹ́ ará ìlú ló gbà á là. Àwọn tó ń ṣírò owó a ní arìnrìn-àjò afẹ́ ni. Òótọ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ọ̀kankan nínú wọn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí a bá to ìtàn àwọn ojú irin kéékèèké wọ̀nyí síwájú ara wọn, tí a wo èyí tó kú àti èyí tó yè, ibì kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí: ibi tí irin kékeré ti pàdé irin ńlá. Bí oríta yẹn bá ti rí ni ayé ojú irin náà ṣe ń rí.

Ohun tó bí ojú irin Strasburg kò fara sin. Kí rélùwéè tó dé, ìlú náà wà lójú ọ̀nà tí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ńláńlá fi ń kó ẹrù láti Philadelphia lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ọjà rẹ̀ sì ń tà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin tirẹ̀ láti Philadelphia dé Columbia. Ní 1834 ni wọ́n ṣí i, ó sì gba ẹ̀bá ìlú náà kọjá láì wọ̀ ọ́. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kò ní owó tí wọ́n lè fi la ojú irin dé Philadelphia, wọn kò sì dán an wò. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí ilé ìkẹ́rùsí wọn àti ọlọ ọkà wọn rí ọ̀nà já sí ojú irin tó ti wà nílẹ̀. Ìwọ̀nba owó tó tó máìlì mẹ́rin àtààbọ̀ ni wọ́n ná. Ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ lórí rẹ̀ títí di 1851, nígbà tí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kan tí wọ́n ń pè ní William Penn. Iná jó tésàn àti ọlọ tó wà nídìí rẹ̀ ní 1871, wọ́n tún un kọ́. Ní 1908, tíráàmù oníná mànàmáná dé láti Lancaster, ó sì kó àwọn èrò lọ. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí yìí. Láti ọdún yẹn títí di 1958, àádọ́ta ọdún gbáko, ojú irin Strasburg kò ní èrò tó lè bọ́ ọ. Ní 1926, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí kò wọ̀n ju tọ́ọ̀nù 20 lọ, Plymouth ló ń jẹ́, pẹtiróòlù ló sì ń mu. Ẹ́ńjìnnì yìí ló ń fa wágọ̀nù ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà. Iṣẹ́ tó kù fún un nìyẹn, òun náà ló sì fi gbé e dé ọjọ́ tí àwọn mìíràn rí i tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Báwo ni wágọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè gbé rélùwéè ró fún àádọ́ta ọdún? Fífẹ̀ ojú irin ni ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 8.5 ni àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ní Strasburg, bákan náà ni ti Pennsylvania Railroad, bákan náà sì ni ti ọ̀pọ̀ jù lọ ojú irin Amẹ́ríkà. Wágọ̀nù tí wọ́n bá kó ọkà sí ní Ohio, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, lè dé Leaman Place, kí ẹ́ńjìnnì kékeré wá kọ́ ọ, kó fà á wọ ìlú, kó sì já a sílẹ̀ lẹ́nu ọlọ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan hóró ọkà kan lójú ọ̀nà. Owó tí Strasburg ná lórí ẹrù yẹn kéré, nítorí iṣẹ́ tó ṣe kéré. Ọlọ́lọ náà kò sì ní láti ra wágọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni rélùwéè ìlú rẹ̀ kò ní láti rà á. Gbogbo wágọ̀nù Amẹ́ríkà ni wọ́n ní lọ́wọ́, tí wọ́n bá ti lè dé oríta.

Ìlú mìíràn gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì jìyà rẹ̀. Ní 1875, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Mansfield lọ wo ojú irin Ffestiniog ní Wales, tí àlàfo rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 2 tán. Ó padà sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ohun tí ìlú tálákà nílò nìyẹn: irin tín-ín-rín, ẹ́ńjìnnì kékeré, afárá tí kò gbowó, ọ̀nà tó lè yípo òkè láìsí pé wọ́n gbẹ́ ẹ. Èyí àkọ́kọ́ tó ṣe ní Massachusetts, láàárín Billerica àti Bedford, kò lò ju oṣù díẹ̀ lọ: 1877 ló bẹ̀rẹ̀, ó kú ní 1878. Síbẹ̀ àwọn ará Maine gba èrò rẹ̀ gbọ́, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ tó kù, wọ́n sì fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin Sandy River láti Farmington dé Phillips ní 1879. Irú rẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e ní Bridgton, ní Monson tí wọ́n ti ń wa òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé, ní Gardiner, àti ní Wiscasset. Mansfield kò purọ́ nípa owó tí wọ́n fi ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò ṣírò dáadáa ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá là á tán. Ní Farmington, wágọ̀nù ńlá ti iléeṣẹ́ rélùwéè ńlá Maine Central a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wágọ̀nù kékeré a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ a sì wọ àárín wọn. Èédú, ṣọ́bìrì. Àpótí, ọwọ́. Pákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti èjìká dé èjìká. Ní ọjọ́ òjò, ní ìgbà yìnyín, lójoojúmọ́, fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Owó tí wọ́n rò pé wọ́n ti fi pamọ́ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà, orí pèpéle yẹn ni wọ́n ti ń san án padà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Kùsà tí wọ́n ń wà ní àgbègbè Jos kọ́kọ́ gba ojú irin Bauchi tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íńṣì 6. Zaria ni wọ́n ti ń já a kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ ojú irin ńlá. Ní 1957 ni wọ́n pa ojú irin náà tì. Lónìí, ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 fẹ̀ ju èyí àtijọ́ lọ, orí èyí àtijọ́ sì ni wọ́n gbé ẹ̀ka Ìfọ̀ sí Ìlaró àti Ìdógò kà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń dá a lábàá pé kí a jí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa èwo nínú méjèèjì ni yóò já sí.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ wá láti ibì kan ní Maine tó ń jẹ́ Burnham. Àwọn tó la ojú irin Wiscasset kò fẹ́ parí rẹ̀ sínú igbó. Èrò wọn ni kó dé Quebec ní Kánádà. Kí wọ́n tó lè kọjá ní Burnham, wọ́n gbọ́dọ̀ dábùú irin ẹlòmíràn, Maine Central sì ló ń darí irin náà. Maine Central kọ̀ jálẹ̀. Ojú irin tí wọ́n ti tẹ́ dé ibẹ̀ di òfo, wọ́n yí orí ọ̀nà sí Winslow, ilé iṣẹ́ náà jẹ gbèsè, ó pààrọ̀ orúkọ, ó pààrọ̀ olówó. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 1933, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yẹ̀ kúrò lójú irin ní Whitefield, kò sì sí ẹni tó rí ìdí kan tó fi yẹ kí wọ́n gbé e padà. Irin tí wọn kò jẹ́ kó dábùú yẹn ńkọ́? Ti ìlú Belfast ni, máìlì 33 láti etíkun dé Burnham. Owó ìlú ni wọ́n fi là á, ìlú ló ní ìpín tó pọ̀ jù, Maine Central kàn yá a lò ni. Àlàfo rẹ̀ bá ti irin ńlá mu, ó sì já wọ inú rẹ̀ tààrà. Nígbà tí Maine Central ní òun kò yá a mọ́ ní àárín àwọn ọdún 1920, àwọn ará Belfast gbà á, wọ́n sì ń darí rẹ̀ fúnra wọn. Oúnjẹ adìẹ tí wágọ̀nù ń kó wọlé fún àwọn oníṣòwò adìẹ ló gbé e dé ìgbà tí Wiscasset ti kú fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ojú irin méjì ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí wọn, ibì kan náà ni àyànmọ́ wọn ti pàdé. Ọ̀kan ní oríta, wọ́n fi oríta du èkejì.

Ẹnìkan lè sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló pa àwọn ojú irin tín-ín-rín Maine, kì í ṣe oríta. Àtakò yìí lágbára. Láti 1929 tí ti Gardiner ti kú, títí di 1943 tí Monson kẹ́yìn, gbogbo wọn ló tán láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àkókò tí títì ọ̀dà ń wọ abúlé tí owó sì wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lọ́rì kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rélùwéè. Ẹrù tó jẹ́ pé dandan ni kí ènìyàn gbé e láti ọkọ̀ kan sí èkejì ni. Bí wọ́n bá ní láti já ẹrù ní Farmington lọ́nàkọnà, kí ló ń ṣe wọ́n tí wọn kò fi ní kó o sínú lọ́rì tí yóò gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn oníbàárà? Lọ́rì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wágọ̀nù ọkà tí kò ní ìdí láti ṣílẹ̀kùn. Ní ìwọ̀-oòrùn New York, ojú irin Arcade àti Attica tako títì kan náà, ó tako ọ̀wọ́n owó kan náà, ó sì tún tako omíyalé tó gbé apá àríwá rẹ̀ lọ ní 1957. Èyí tó ṣẹ́ kù, nǹkan bíi máìlì 15, wà ní apá Arcade, níbi tó ti pàdé irin ńlá, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ojú irin tín-ín-rín ni òun náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ là á, wọ́n sì ti fẹ̀ ẹ́ kí ọdún 1900 tó pé. Mo gbà pé ìpinnu yẹn ni wọ́n ń jẹ èrè rẹ̀ láti ìgbà náà.

Arcade yìí kan náà ni àwọn tó gbà pé ìfẹ́ ará ìlú ni gbogbo rẹ̀ máa ń tọ́ka sí, wọn kò sì ṣèké. Ní 1917, nígbà tí àwọn olówó rẹ̀ ti pa á tì, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ibẹ̀ dá owó jọ, wọ́n ra ṣíà, wọ́n sì gbà á. Mi ò fojú kéré ìyẹn. Ẹni tó ń gbé nídìí ojú irin a máa fara da ọdún tí kò sí èrè, nítorí ó mọ̀ pé bí ọlọ bá kú, ọjà tirẹ̀ náà kú. Ẹni tó jókòó sí New York tàbí Philadelphia kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bridgton ń dúró dè wá. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ní ìpín tó pọ̀ nínú ojú irin ẹsẹ̀ bàtà 2 tirẹ̀, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tà á. Ní 1941 wọ́n tà á fún oníṣòwò irin àlòkù. Wọn kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni ojú irin tó jẹ́ pé gbogbo ẹrù tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ènìyàn kọjá, wọn kò sì rí ẹni tí yóò máa san owó ọwọ́ náà. Ellis Atwood, tó ní oko èso cranberry ní Massachusetts, ra púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ wọn, ó sì tẹ́ irin fún wọn nínú oko rẹ̀. Àwọn èrò wọ̀ wọ́n láti 1947. Ẹ̀mí àwọn ẹ̀rọ náà yè, ojú irin ìlú Bridgton kò yè.

Ibì kan wà tí wọ́n gbìyànjú láti tún oríta burúkú ṣe, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni East Broad Top ní Pennsylvania, tí wọ́n ṣí ní àwọn ọdún 1870, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Èédú ló ń gbé láti inú òkè wá sí Mount Union, níbi tó ti pàdé Pennsylvania Railroad. Kíréènì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé gẹdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú irin. Láti 1933, wọ́n rí iṣẹ́ mìíràn fún un. Wọn a ti wágọ̀nù ńlá sábẹ́ rẹ̀, wọn a gbé orí kan rẹ̀ sókè, wọn a yí ẹsẹ̀ onítáyà irin tó fẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, wọn a sì yí èyí tó tín-ín-rín sí i. Wọn a gbé orí kejì, wọn a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wágọ̀nù tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn a wọ ojú irin tó kéré jù fún un, ara rẹ̀ a fẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹrù inú rẹ̀ a sì wà bí wọ́n ṣe dì í. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lẹ́wà ni, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí East Broad Top ṣiṣẹ́ títí di oṣù kẹrin 1956, lẹ́yìn tí gbogbo àwọn tó wà ní Maine ti lọ tán. Kò gbà á lọ́wọ́ ohun tó pa á: ọjà èédú wó, kò sì sí ẹrù mìíràn nínú òkè. Belfast náà rí irú rẹ̀ nígbà tí òwò adìẹ kú. Ní 1991 ìlú ta ìpín rẹ̀. Oríta dáadáa kò lè dá oníbàárà. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kí ojú irin dúró de oníbàárà tó ń bọ̀, kí dídúró náà má gbowó jù.

Strasburg gan-an ló fi dídúró yìí hàn, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn mi sí àwọn tó ní arìnrìn-àjò afẹ́ ló gbà á là. Ìjì ba ojú irin náà jẹ́ ní 1957, àwọn tó ni ín sì tọrọ àyè láti pa á tì. Henry K. Long, oníléeṣẹ́ kan ní Lancaster, àti Donald Hallock kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n sì rà á ní 1958 ní 18,000 dọ́là. Ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1959 ni èrò afẹ́ àkọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ní 1960 ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ tún fa ọkọ̀ níbẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì ti gùn ún láti ìgbà náà. Owó wọn ló ń tún irin ṣe, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n báwo ni àwọn ẹ́ńjìnnì tí èrò ń wá wò ṣe débẹ̀? Ẹ́ńjìnnì 90, tó ti ń fa bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà ní Colorado láti 1924, gba ojú irin wá ní 1967. Ẹ́ńjìnnì 89 ń bọ̀ lórí irin ní 1972 nígbà tí ìjì Agnes fi omi dí ọ̀nà mọ́ ọn. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí Pennsylvania Railroad tọ́jú gba Leaman Place wọlé, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti rélùwéè tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí ní òdìkejì títì ní 1975. Àwọn èrò afẹ́ ń wo ohun tí oríta kó wá fún wọn. Nígbà tí iṣẹ́ ẹrù sì tún gbérí níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, wọn kò ní láti la nǹkankan. Irin náà ṣì já síbi tó já sí.

Ọ̀rọ̀ owó ìjọba kù. Òfin Staggers ti 1980 mú kó rọrùn fún àwọn rélùwéè ńlá láti ta ẹ̀ka tí wọn kò fẹ́ fún àwọn kékeré dípò kí wọ́n hú u, irú àwọn kékeré bẹ́ẹ̀ sì tó nǹkan bí 600 ní Amẹ́ríkà lónìí. Láti 2005, ìjọba àpapọ̀ ń yọ̀ǹda nínú owó orí wọn, ìdajì ohun tí wọ́n bá ná sórí irin títí di 2022, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún láti 2023, kò gbọ́dọ̀ ju 3,500 dọ́là lọ lórí máìlì kan. Ní 2020 ni wọ́n sọ ọ́ di òfin tí kì í parí. Àwọn kan ní èyí fi hàn pé ojú irin wọ̀nyí kò lè dá dúró. Títì tí lọ́rì ń gbà ńkọ́, ta ló ń tún un ṣe? Ẹ̀dùn ọkàn tèmi yàtọ̀. Ìrànwọ́ náà ń tẹ́ irin, kò dáàbò bo oríta. Bákan náà ni òfin 1983 tó gbà kí wọ́n sọ ojú irin tó kú di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí ilẹ̀ rẹ̀ má bàa fọ́nká: ó ń tọ́jú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí rélùwéè ńlá sábà máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò ni ibi tí irin ti ń yà, nítorí títọ́jú rẹ̀ ń ná wọn lówó. Ní Leaman Place lónìí, Amtrak ló ni irin ńlá, Norfolk Southern ló ń gbé ẹrù lórí rẹ̀, ará Strasburg kankan kò sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ wọn. Bí mo bá wà nípò àwọn aṣòfin Pennsylvania, ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀: kí ó di òfin pé kò sí iléeṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ hú oríta irin ìlú kan láì kọ́kọ́ fi lọ ìlú náà, ní iye owó tí ìlú kékeré lè san.